Páálí Àkọ́kọ́ Lábẹ́ Ogójì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé Aránṣọ á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, tàbí pé wọ́n ń kó lọ lọ́la. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi gbé láàárín páálí mọ́kànlélógójì tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, tí wọ́n sì tò kan àjà. Àlejò tó bá wá, orí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló máa jókòó sí. Àwo méjì, ṣíbí méjì, ọ̀bẹ kan àti ìkòkò kan ló kù níta. Dígí ò sí. Bí Aránṣọ bá fẹ́ wo ojú ara rẹ̀, gíláàsì fèrèsé ló ń lọ bá. Àwọn ará ilé náà, tí ẹnu wọn kì í sinmi, ń pe ibẹ̀ ní Gáréèjì.

Baba Sitóò ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Kì í mutí, kì í pariwo, bó bá sì ti kúrò níbi iṣẹ́, ilé ló ń bọ̀ tààrà. Ohun tó kàn ṣe é ni pé ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú sitóò ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páìpù àti nọ́ọ̀tì, débi pé kò mọ ibi tí sitóò parí sí kí ilé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ sí i. Ẹrù tí a bá sì ti dì fún ìrìn àjò, a kì í tú u títí a ó fi débi tí à ń lọ. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń sùn.

Ẹni tó bá mọ ìgbà èwe rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí onílé kó ẹrù bàbá rẹ̀ dà sójú òpópónà nínú òjò. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ gọ́tà lọ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé kò sí ẹni tó máa bá ẹrù òun nílẹ̀ ní títú mọ́ láyé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí títí lẹ́tà fi jáde níbi iṣẹ́ pé kí ó máa lọ sí sitóò tuntun ní ìlú mìíràn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó gbé páálí wálé. Aránṣọ kò sí nílé, ó lọ ra òwú. Ìyá Òkè, obìnrin tó ń gbé lórí wọn gan-an ní àjà kẹta, ló gbé aṣọ sílíìkì aláwọ̀ ewé kan fún un kí ó fi rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn lè lọ rà. Ìyá Ìyá Òkè ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó kú, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ni wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ dè. Aránṣọ ti fi ẹfun sàmì sí i, ó ká a, inú síta, ó gbé e lé orí tábìlì maṣíìnì, ó wá rí i pé òwú tó wà nílé kò bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Ìdí nìyẹn tó fi jáde.

Nígbà tó máa padà dé, ọkọ rẹ̀ ti di páálí méje. Ẹrù tó wúwo jù ló ń wà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin. Maṣíìnì ló wúwo jù. Nítorí náà maṣíìnì ni páálí kìn-ín-ní, ó wà lẹ́bàá ògiri yàrá, mẹ́fà sì ti wà lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ orí tábìlì ńkọ́?" ni Aránṣọ bi í.

"Aṣọ wo? Èmi ò rí aṣọ kankan."

"Aṣọ Ìyá Òkè. Orí maṣíìnì ni mo fi í sí."

Baba Sitóò ṣí ìwé ẹrù rẹ̀, èyí tí kì í fi apá sílẹ̀. "Páálí kìn-ín-ní: maṣíìnì ìránṣọ, ọ̀kan. Sísọ́ọ̀sì, méjì. Òwú, mẹ́rìnlá. Ṣé o rí aṣọ níbẹ̀? Ohun tí mi ò kọ, mi ò kó o."

Aránṣọ wá ilé náà títí. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tún pa dà lọ béèrè níbi tó ti ra òwú, bóyá orí rẹ̀ ló dàrú tó fi gbé e dání. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó tú páálí kìn-ín-ní. Ọkọ rẹ̀ ní ìwé ò purọ́ rí láti ọgbọ̀n ọdún, kì í ṣe orí maṣíìnì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Òkè wá béèrè aṣọ rẹ̀. Baba Sitóò, tó rò pé ìyàwó òun lòun ń gbè, gbé ìwé náà síwájú obìnrin náà, ó sì kà á fún un láti páálí kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Kò sí aṣọ aláwọ̀ ewé nínú ìwé. Kò sí i nínú yàrá. Níbo ló wá wà?

Ìyá Òkè kò dá a lóhùn. Ó jáde sí ojú àtẹ̀gùn, ó di irin rẹ̀ mú, ó sì lọgun láti òkè délẹ̀: "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé! Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora! Aránṣọ ti ta aṣọ ìyá mi!" Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ló gbọ́, ìkẹfà sì ni ti Aránṣọ fúnra rẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, a kì í ṣà á nílẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn kàn yí èrò padà ni. Èyí tó dùn ún jù ni ti Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀, ọkùnrin arúgbó kan tó ń dá gbé ní àjà àkọ́kọ́. Nígbàkígbà tó bá rìnrìn àjò, Aránṣọ ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún, á ní, "Ọmọ mi, bá mi bomi sí òdòdó mi." Láti ọjọ́ ariwo yẹn, ó ń kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bá a lọ nínú àpò rẹ̀. Òdòdó gbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òdòdó gbẹ.

Ẹ̀yin náà á rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pẹ́, wọ́n á kúkú kó lọ, ìtìjú á tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyí. Ilé iṣẹ́ ní kí Baba Sitóò ṣì dúró ná, sitóò tuntun kò tíì parí. Oṣù kan. Oṣù mẹ́ta. Títí di ìparí ọdún. Gbogbo ìgbà tí Aránṣọ bá ní kí wọ́n tú ẹrù, ọkọ rẹ̀ á ní, "Lẹ́tà lè dé lọ́la. Ṣé òjò lo fẹ́ kó bá wa lórí ẹrù ni?" Lọ́la náà di ọdún mẹ́rin.

Iṣẹ́ tí Aránṣọ wá rí ni pé kó máa rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan ní ìgboro, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọwọ́. Òun tó ti rán odindi kóòtù láìwo àwòrán! Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kò ní lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ bí ènìyàn. Ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ Ìyá Òkè, bí ó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìta, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, á máa mí díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà á fi kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì pàdé, Ìyá Òkè kì í bú u mọ́. Ó ń kí i ni.

"Ẹ kú ìpamọ́ o, Ìyá Aránṣọ."

Kò sí èébú tó dà bí ìkíni yẹn. Aránṣọ á sì dáhùn, torí kí ló fẹ́ ṣe? Á ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú láti dé ìdí páálí kìn-ín-ní fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó gbé méjì sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, gbogbo òkìtì náà sì fì bí ọ̀mùtí. Ó fi èjìká tì í gbọnin, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló dúró títí Baba Sitóò fi dé bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà gbà á sílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ tò, ó tún wọn kà, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, òun náà kò tún gbìyànjú mọ́, kì í sì ṣe nítorí òkìtì nìkan. Ìbẹ̀rù kan wà níkùn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá tú páálí yẹn tí aṣọ kò sí níbẹ̀ ńkọ́? A jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ nù lóòótọ́ nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí páálí bá ṣì wà ní dídì, ó ṣì lè gbàgbọ́ pé ọwọ́ òun mọ́.

Ìgbà tí lẹ́tà wá dé lóòótọ́, Baba Sitóò gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Sátidé ni lọ́rì ń bọ̀.

"Ṣé mi ò wí fún ọ?" ni ó ń sọ. "Àwọn yòókù nílé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá páálí kiri. Èmi, mo ti dì í láti ọdún mẹ́rin!"

"Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà kìn-ín-ní ká tó lọ," ni Aránṣọ wí.

"Bí a bá débẹ̀, o máa tú u."

"Bí a bá débẹ̀ kẹ̀? Ta ló pè mí lólè níbẹ̀?" Ó nàka sí páálí náà. "Bí a bá débẹ̀ náà, ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

Ọkùnrin náà, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó fi ìka kọ ọ́ sórí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ló wà nísàlẹ̀ pátápátá níbí, òun ló máa jáde kẹ́yìn. Òun tó jáde kẹ́yìn ló máa wọ lọ́rì kẹ́yìn. Òun tó wọ lọ́rì kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀...

"Ni ẹ ó gbé ti ògiri," ni Aránṣọ parí rẹ̀. "Ogójì á tún gorí rẹ̀."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A ò sì ní pẹ́ níbẹ̀ náà, ọdún méjì péré ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbé wa lọ síbòmíràn. Kí la fẹ́ máa tú ẹrù fún?"

Aránṣọ wo òkìtì náà láti òkè délẹ̀. Ó rí i kedere pé bó ṣe máa kú nìyẹn, ní ìlú tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú maṣíìnì rẹ̀ lábẹ́ ogójì páálí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bí ẹrù bá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìkọkànlélógójì wá sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan á wà tí páálí kìn-ín-ní nìkan á jókòó sílẹ̀, láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré láàárín ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń di àwọn nǹkan ìdáná sínú nọ́ńbà méjìdínlógójì, èyí tó ti fi àyè sílẹ̀ dè wọ́n, ó yọ ọ̀bẹ kan kúrò níbẹ̀, ó sì tì í bọ báàgì rẹ̀.

Sátidé dé. Alábàárù méjì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, Baba Sitóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń sàmì. Lórí wọn, Ìyá Òkè ti fara ti irin àtẹ̀gùn láti àárọ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ rọra o," ni ó ń wí fún àwọn alábàárù. "Aṣọ mi ń lọ o."

Ìlàjì yàrá ṣófo, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà kejì jáde, Aránṣọ lọ jókòó sórí ìkíní. Àwọn alábàárù padà dé, wọ́n bá a níbẹ̀.

"Mà, ẹ dìde, èyí ló kù."

"Ẹ bá mi gbé e dé ojú àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ gbé e sílẹ̀ sí."

Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ.

"Kí lò ń ṣe?" ni ọkọ rẹ̀ pariwo, ọkùnrin tí kì í pariwo. Ó wo ọ̀bẹ náà, ẹnu sì yà á. "Nọ́ńbà méjìdínlógójì ni ọ̀bẹ yẹn wà! Mo ti kọ ọ́!"

Nísàlẹ̀, dírẹ́bà fun fèrè lọ́rì. Ọ̀bẹ Aránṣọ kọ́kọ́ yẹ̀ lórí téèpù. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ya ẹnu páálí sọ́nà méjì. Maṣíìnì rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti wé e dáadáa lọ́rùn, nídìí, ní kẹ̀kẹ́, bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ tán, kí ohunkóhun má bàa gbò ó. Aṣọ tí wọ́n fi wé e, inú rẹ̀ ló wà níta, ẹfun Aránṣọ sì wà lára rẹ̀. Ó yí etí rẹ̀ padà. Ó jẹ́ aláwọ̀ ewé.

"Ohun tí mo fi dí i nìyẹn," ni Baba Sitóò wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀, bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọọṣẹ́. "Àkísà ni mo rò pé ó jẹ́. Ohun tí a bá fi dí ẹrù, a kì í kọ ọ́ sínú..."

Ibẹ̀ ni etí ara rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Kò parí rẹ̀.

Ìyá Òkè ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Aránṣọ tú aṣọ náà kúrò lára maṣíìnì, ó tẹ́ ẹ sórí apá rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ti jẹ àárín rẹ̀, àbàwọ́n ńlá bí àwo ìjẹun. Kò sí ẹni tó lè fi rán ohunkóhun mọ́. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi í rán aṣọ fún ti lọ sílé ọkọ nínú aṣọ mìíràn, ó sì ti bímọ méjì.

"Ẹ gba aṣọ yín, mà," ni Aránṣọ wí. "Kí ẹ fún mi lórúkọ mi."

Ìyá Òkè gbà á. Ó fi ojú rẹ̀ kan aṣọ náà, èjìká rẹ̀ sì ń mì. "Ẹ má bínú," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Kì í ṣe ohùn tí ẹ fi pè mí nígbà yẹn nìyẹn."

Aránṣọ kò dúró dè é. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé."

Baba Sitóò wá páálí kìn-ín-ní kàn, ó sì kọ sí abẹ́ òwú mẹ́rìnlá: aṣọ sílíìkì aláwọ̀ ewé, ọ̀kan.

"Ọjọ́ wo lẹ kọ sí i?"

"Òní."

"Òní kọ́ ló wọlé."

Ó pa á rẹ́, ó kọ ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

"Ní sitóò yín," ni Aránṣọ wí, "bí nǹkan bá sọnù tí ẹ wá rí i lẹ́yìn ọ̀la, ta ló ń fọwọ́ sí i?"

Ọkùnrin náà mọ ìdáhùn náà, òun ló ṣe òfin náà. "Gbogbo ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó sọnù."

"Ilẹ̀kùn márùn-ún ni wọ́n sọ fún."

Fèrè lọ́rì tún dún. Baba Sitóò bojú wo ìsàlẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ ìwé náà mọ́ àyà. Ìyá Òkè ló kọ́kọ́ na bírò rẹ̀ sí. Obìnrin náà fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, kò tún gòkè. Baba Sitóò lọ kan ilẹ̀kùn kejì ní àjà òkè. Aránṣọ jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni mo kó aṣọ Ìyá Òkè sínú páálí. Ìyàwó mi kò jalè. Ẹ fọwọ́ síbí."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lára wọn láìwo ẹnikẹ́ni, ó kan ilẹ̀kùn tó dojú kọ tiwọn. Ohun kan náà ló sọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó wà ní ilẹ̀kùn kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní oṣù tó kọjá ni, wọn ò mọ nǹkan kan, ó sì tún gbogbo ìtàn náà sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì nu omijé rẹ̀ nù.

Kò gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn karùn-ún.

Baba Sitóò gòkè padà díẹ̀díẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. "Mẹ́rin ló fọwọ́ sí i. Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀..."

Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì.

"Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì fi ojú ìwé náà hàn án. Orúkọ mẹ́rin wà níbẹ̀, àti ìlà kan tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí à ń kọ síbẹ̀."

Aránṣọ wo ìlà náà títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì ní kí àwọn alábàárù máa gbé páálí náà bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fa téèpù yọ lápò, ó bi í pé ṣé kí àwọn lẹ ẹnu rẹ̀ padà.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ báyẹn. Orí itan mi ni ó ń bá mi lọ."